Ajílẹ̀ Kò Ní Èènì

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Yorùbá tó wà ní Bolori ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Kí ló wà nínú ìtàn ẹni tó fi ogójì ọdún bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú? Dókítà wà láàrin wa níbí, olùkọ́ yunifásítì wà, ẹ ò pè wọ́n, èmi arúgbó ọlọ́gbà lẹ wá pè. Àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú yín sọ pé, "Mama, àwa tí a ò tíì mọ ohun tí a fẹ́ fi ayé wa ṣe la fẹ́ gbọ́." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ sì bá mi fi fóònù yẹn sínú àpò.

Sàráfátù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Mama Lambu ni gbogbo Maiduguri mọ̀ mí sí. Ọgbà ni Hausa ń pè ní lambu. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá mi ti wá, Bolori níbí ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ta ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí. Mudu ni wọ́n fi ń wọn nǹkan lọ́jà níbí, abọ́ irin kan báyìí. Bí ìyá mi bá bu ẹ̀wà sínú mudu, á kó o jọ títí orí rẹ̀ á fi ṣe ṣónṣó, á tún wá fi ọwọ́ bu díẹ̀ sí i. Èènì nìyẹn. Hausa ń pè é ní gyara, bí o kò bá sì fún wọn, wọ́n á dúró tì ọ́ níbẹ̀ pé, "Ina gyara?" Èènì dà? Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tí kò lè bu èènì kò lè tajà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi sì ti mọ́ èènì bí ọwọ́ ṣe ń mọ́ ẹnu. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, torí òun ló padà wá ba ayé mi jẹ́.

Bí mo ṣe dé ọgbà Baba Bukar kò gba àlàyé púpọ̀. Oníbàárà ìyá mi ni, ọmọ Kanuri, ó ní ọgbà irúgbìn ní Moduganari. Mi ò yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, mo wá jókòó sílé tí mò ń pa eṣinṣin. Baba ní kí n máa bọ̀. Owó tó ń fún mi nígbà náà tó ra ọṣẹ àti ìpara. Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Irúgbìn ni à ń tọ́jú: ata, tòmátì, gúáfà, máńgòrò, àti dóńgóyárò tí gbogbo ènìyàn ń gbìn sí iwájú ilé fún ibòòji. A ó gbìn ín sí ọgbà, a ó tọ́ ọ dàgbà, ẹni tó bá rà á á wá tú u lọ sí oko tàbí ilé rẹ̀. Iṣẹ́ wa kò ju kí ohun tó hù lọ́dọ̀ wa má kú lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bó ṣe rọrùn lẹ́nu tó nìyẹn.

Oṣù méje gbáko ni mo fi sẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ewé kan. Yanrìn odò, ilẹ̀ dúdú, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, Baba á ní kí n pò wọ́n. Tí mo bá pò ó tán, á bu díẹ̀, á gbé e sí imú. Bí ó bá ti gbọ́ òórùn ìgbẹ́ tútù, gbogbo rẹ̀ ló máa dà nù. "Ke!" Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, bí ẹni ń lé ewúrẹ́. "Ke, kí lo fẹ́ sè níbí, ṣé ìyàwó tuntun ni ọ́ ni?" Mo máa sunkún lọ sílé, mo máa bú u ní Yorùbá lójú ọ̀nà, nítorí kò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, mo ti tún wà níbẹ̀ kí oòrùn tó yọ.

Ìlànà rẹ̀ méjì kan wà tí kò fi ṣeré rárá. Àkọ́kọ́ ni ti irúgbìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí nípò. Baba ní irúgbìn tí wọ́n tú láti ibi kan lọ sí ibòmíràn, àlejò tó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn ni. Omi lẹ máa fún un, ẹ máa fi í sí ibòòji, ẹ máa fi í sílẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ fún un. Nígbà tí ẹ bá rí ewé tuntun lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn, ẹ lè wá fún un ní ajílẹ̀. Ìkejì ni òṣùwọ̀n ajílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó, èyí tó wà nínú àpò, ìdérí ìgò mínírà kan ni ti igi ata kan. Yóò bù ú, yóò fi igi dóńgóyárò kékeré kan gbá orí rẹ̀ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, èyí tó bá kù á padà sínú àpò. Lẹ́yìn náà á wọ́n ọn yí igi ata ká, yóò fi tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ jìnnà sí ìdí rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó ń gbá a bẹ́ẹ̀, mo rò lọ́kàn mi pé, ahun ni bàbá yìí. Èmi náà bu tèmi, ó ṣe ṣónṣó. Ó gbá ọwọ́ mi. "Nan ba kasuwa ba ce!" Ibí kì í ṣe ọjà. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún mi, èmi náà kò béèrè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ máa béèrè o. Ọ̀gá lè na ẹni, kò sí ọ̀gá tí ìbéèrè pa.

Ọdún kẹta mi ni ọ̀rọ̀ Hajja Falmata ṣẹlẹ̀.

Kò tíì lọ Mẹ́kà nígbà náà, ṣùgbọ́n Hajja ni wọ́n ti ń pè é láti kékeré, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin ní Borno níbí. Kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ọkọ yẹn ti ń dáko lórí ilẹ̀ Alájì kan lẹ́yìn Ngomari, ilẹ̀ tó dáa, kànga wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ènìyàn ti ń sáré lọ bá Alájì pé kó gbé ilẹ̀ náà fún àwọn. Alájì ní òun kò ní ṣe ìkà sí opó. Ó ní òun ń lọ sí Kano fún bí oṣù kan ààbọ̀. "Bí mo bá dé tí mo bá ilẹ̀ náà ní tútù," ó sọ fún un, "tìẹ ni láti máa dá. Bí mo bá bá a ní gbígbẹ, màá mọ̀ pé agbára rẹ kò ká a, màá gbé e fún ẹlòmíràn." Oúnjẹ ọmọ mẹ́ta nìyẹn, ó kù sọ́wọ́ ilẹ̀ kan.

Irínwó igi tàtàsé ló wá kó lọ́dọ̀ wa. Baba fi mí ránṣẹ́ tẹ̀lé e kí n bá a gbìn ín. Lọ́jọ́ kejì tí a gbìn ín tán, ìròyìn dé fún Baba pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú ní abúlé wọn. Kó tó wọ ọkọ̀, ó pè mí. "Omi àti ibòòji nìkan. Títí màá fi dé. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ata yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́. Gbogbo ata tí wọ́n bá ṣí nípò ló máa ń sorí kọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ti rí i nígbà àìmọye. Ṣùgbọ́n Hajja kò mọ̀. Ó dúró sí àárín oko, ó di ọwọ́ mi mú. "Sarafatu, ki taimake ni." Ó ń bẹ̀ mí pé kí n ran òun lọ́wọ́. Ó ní, "Alájì lè dé kó tó tó oṣù kan ààbọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́gbà, ẹ lóògùn. Ẹ fún un lóògùn kó tètè yọ." Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àti pé, kí n má purọ́, ó wù mí kí Baba dé kó bá a tó ti tutù minijọ, kó lè mọ̀ pé èmi náà ti mọṣẹ́.

Mo padà sí ọgbà, mo bu ajílẹ̀ wá. Mo gbé ìdérí mínírà. Mi ò mú igi dóńgóyárò dání. Igi ata kọ̀ọ̀kan, ìdérí kan, mo kó o jọ kó ṣe ṣónṣó, mo tún fi ìka mẹ́ta bu díẹ̀ lé e. Mo ní ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ yìí, ó yẹ ká bu èènì fún un. Lẹ́bàá ìdí igi gan-an ni mo dà á sí, kó má baà rìn jìnnà kó tó rí i jẹ. Irínwó igi. Hajja ń tẹ̀lé mi, ó ń bomi rin ín, ó ń ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, ẹ ò rí i? Kò sí ọ̀kan tí mo fò.

Ẹ̀yìn ọjọ́ méjì, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, lẹ́yìn náà ó di búráùn, ó ká kò bí ìwé tí iná kàn. Orí ilẹ̀ tutù rinrin, ewé ń rọ. Ohun tí kò yé mi nìyẹn. Mo ní ebi ni, ebi ṣì ń pa á. Ẹ wo orí ọmọ ènìyàn! Mo tún lọ bu ajílẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lórí ebè àkọ́kọ́ nígbà tí mo gbóhùn lẹ́yìn mi.

"Ke."

Kò pariwo. Ẹ̀rù bà mí ju ìgbà tó bá pariwo lọ. Baba ti abúlé dé, ó gba oko wá tààrà, eruku ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ ìdí ata kan, ó fi kan ahọ́n, ó tu ú dà nù.

"Gishiri," ó ní. Iyọ̀.

Ó ní kí èmi náà tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ, ẹnu mi bó. Baba ní, "Ohun tí o fún un jẹ nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá ti níyọ̀ tó báyìí, omi inú gbòǹgbò ló máa ń fà jáde. O ń bomi rin ín, òǹgbẹ sì ń pa á kú." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó sọ ìdí nǹkan fún mi láti ọdún mẹ́ta.

Hajja ti dé bá wa níbẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé á gbá mi létí, ìbá sì dára bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó wò mí. "Sarafatu, me na yi miki?" Kí ni mo ṣe fún ọ? Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti sin òbí méjèèjì, mo ti sin ọkọ, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo ti ń pa òwe yẹn láti ilé ìwé, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń fi bá wí.

Baba kò fi àkókò ṣòfò sí èébú. Ó ní ká fi ọwọ́ kó gbogbo ajílẹ̀ tó ṣì wà lórí ilẹ̀ kúrò, ká kó iyẹ̀pẹ̀ tó funfun lókè lọ dà sí ojú ọ̀nà. Ó ní ká máa bomi, kì í ṣe wíwọ́n, kí omi máa wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbé iyọ̀ náà lọ sí ìsàlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fa gúgà nínú kànga yẹn, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Okùn bó mi lọ́wọ́. Baba lọ ra zana, ẹní koríko tí wọ́n fi ń ṣọgbà ilé níbí, a fi ṣe ibòòji lé gbogbo ebè lórí. Mo bi í pé ṣé kí n já ewé tó jó kúrò. Ó ní, "Ewé tó ti jó kò ní sàn mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó kù lára rẹ̀ tí kò jó ṣì ń bọ́ ọ. Fi í sílẹ̀. Ewé tuntun ni kí o máa wò." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan láti ṣe mọ́ àfi ká dúró. Sai haƙuri, sùúrù nìkan. Ọ̀rọ̀ tí Hausa ń sọ jù nìyẹn, èmi kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rí.

Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹsẹ̀ lọ sí oko yẹn lọ gbé zana sókè. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó kú pátápátá, pàápàá ebè tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀ẹ̀kejì sí. Àwọn yòókù kàn dúró, wọn ò kú, wọn ò yè. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, mo rí ewé kan láàrin ọ̀kan, kò ju èékánná lọ, ó tutù, kò sí búráùn lára rẹ̀. Mo pariwo bí ẹni ejò bù ṣán. Hajja sáré wá, ó wò ó, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí ata jó.

Alájì kò pẹ́ tó bó ṣe sọ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló dé. Ó rìn yí oko ká, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. Apá kan tutù díẹ̀, apá kejì ṣófo.

"Falmata, kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?"

Hajja wo ilẹ̀. Baba wò mí. Bó ṣe wò mí yẹn, mo mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, òun náà á dákẹ́, mi ò sì tún ní wọ ọgbà rẹ̀ mọ́ láé.

"Ni ce," mo ní. Èmi ni. Mo kúnlẹ̀. "Hajja kò ṣe nǹkan kan. Baba ní kí n má fún un lájílẹ̀, mo fún un. Mo tún fi èènì sí i."

Alájì ní, "Èènì?" Baba ṣàlàyé fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Baba tú igi ata kan, ó fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn án: gbòǹgbò funfun tuntun ti ń yọ láàrin èyí tó dúdú. Ó ní, "Ọwọ́ obìnrin yìí kọ́ ni oko yìí kú sí. Èmi náà jẹ̀bi, mo gbá ọmọ yìí lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́ta, mi ò sọ ìdí fún un."

Alájì tún wo oko náà yí ká. Ó ní, "Mo sọ ọ̀rọ̀ kan kí n tó lọ, mi ò lè kó o jẹ. Ibi tó tutù, tìẹ ni. Ibi tó gbẹ, màá gbé e fún ẹlòmíràn." Bó ṣe rí nìyẹn. Ìdajì ilẹ̀ lọ. Kànga bọ́ sí apá kejì, láti ọjọ́ yẹn, Hajja ní láti máa tọrọ omi kó tó bomi rin ata rẹ̀.

Nígbà tí ata yẹn so, tí Hajja ká àkọ́ká, ó wá sí ọgbà wa. Ó gbé mudu kan dání, tàtàsé kún inú rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀, àwọn tó yọrí sókè jábọ́ padà sínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. "Tìrẹ nìyẹn," ó ní. "Kò ní gyara." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ. Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti mí, ṣùgbọ́n ó ti bá mi sọ̀rọ̀.

Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mudu kan, pẹrẹsẹ. Ọ̀rọ̀ náà di àwàdà láàrin wa nígbà tó yá, a di ọ̀rẹ́, ó bá mi jókòó nígbà tí mo bímọ, mo bá a jókòó nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣègbéyàwó. Ṣùgbọ́n kò bu èènì fún mi rí. Èmi náà kò béèrè.

Ẹ ní kí n sọ bí iṣẹ́ ṣe yí padà. Agolo mílíìkì ni a fi ń gbin nǹkan nígbà tí mo dé, lẹ́yìn náà ọ̀rá dúdú, báyìí abọ́ oníhò tí wọ́n ń pè ní tíréè. Gúgà di ẹ̀rọ, ẹ̀rọ di rọ́bà tó ń kán omi ní ẹyọ ẹyọ. Ìgbà kan wà tí nǹkan le ní ìlú yìí, wọn ò jẹ́ kí yúríà, ajílẹ̀ òyìnbó yẹn, wọlé mọ́ kí wọ́n má baà fi ṣe bọ́ǹbù, a sì padà sí ìgbẹ́ màlúù tí Baba fi kọ́ mi. Oṣù méje iyẹ̀pẹ̀ tí mo ń bú nígbà kan, òun ló bọ́ ọgbà yẹn ní àkókò náà. Báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan wà bí bírò, ẹ ó kì í bọ omi, á sọ iyọ̀ tó wà níbẹ̀ fún yín. Ó dáa, mo ra ọ̀kan. Ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń fi ìka kan ilẹ̀ fi kan ahọ́n, nítorí bátìrì kì í kú lára ahọ́n.

Baba Bukar ti kú, kí Ọlọ́run dárí jì í. Èmi ni mo gba ọgbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ èènì yẹn fún wọn, mo sì máa ń sọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí àṣìṣe yín kò ní kan ẹlòmíràn, ẹ máa wá a lọ, èmi ò tíì rí i.

Ọdún tó kọjá ni orúnkún ní kí n sinmi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo kó kọ́kọ́rọ́ ọgbà lé àwọn tó kù lọ́wọ́, Hajja Falmata wá bá mi nílé ní Bolori. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá, ó ti di arúgbó, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó gbé mudu rẹ̀ kalẹ̀, tàtàsé kún un. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín, mo ń dúró de ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ.

Ó ti ọwọ́ bọ inú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó yan ata kan tó pọ́n dáadáa, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún, ó gbé e lé orí mudu náà.

"Gyara," ó ní.

Mo ní, "Hajja, má ṣe é, mi ò yẹ fún un." Ó ní kí n dákẹ́, kí n bu omi fún òun mu, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé. Mo dìde lọ bu omi, mo sì dúró nínú ilé fún ìgbà díẹ̀, kó má baà rí mi bí mo ṣe ń sunkún.